Ìgbà wo ló yẹ kí kọ̀ǹpútà bi wá pé, "Ṣé kí n fi í pamọ́?"

Bí a bá kọ nǹkan tuntun sínú Excel, tí a sì fẹ́ pa á dé, yóò béèrè bóyá kí òun fi í pamọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wa ló fẹ́ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a ò kọ ohunkóhun, síbẹ̀ á tún béèrè. Ó lè jẹ́ ìṣirò tó ń mú ọjọ́ òní wá ló yí padà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè àbéèrèjù kì í jẹ́ kí ènìyàn kà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ "Má fi pamọ́" lọ́jọ́ kan, ni owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ san lọ́jọ́ náà bá pòórá nínú ìwé. Ìdí rìsíìtì ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Google Sheets kì í béèrè ní tirẹ̀. Bí a ti ń kọ ọ́ ló ń fi í pamọ́, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà.

Ẹ̀kọ́ wa rèé:
1. Ẹ ka ìbéèrè kí ẹ tó tẹ ìdáhùn.
2. Ẹ má dúró de ìbéèrè. Bí iná bá lọ lójijì, kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì kò ráyè bi ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti kọ orúkọ mẹ́wàá, ẹ tẹ Ctrl àti S.

Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan o.