Oríkèé irin iṣẹ́ abẹ: yíyí rẹ̀ kò ṣòro, àtidúró rẹ̀ niṣẹ́ wà

Kò sí onímọ́tò tó ti wọ kòtò lójú ọ̀nà tí kò mọ ohun táwọn mẹkáníìkì ń pè ní ball joint. Irin roboto kan ni, tó jókòó sínú ihò tó bá a mu. Òun ló ń jẹ́ kí táyà yí sọ́tùn-ún sósì, kó sì tún lè lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti jẹ, ariwo rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, mẹkáníìkì á ní kẹ́ ẹ lọ ra òmíràn wá. Irú oríkèé yìí kan náà wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, lára àwọn irin táwọn dókítà fi ń ya ẹran ara sọ́tọ̀ kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti mọ́tò gbọ́dọ̀ máa yí nígbà gbogbo, àmọ́ ti dókítà á yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ dúró gbọin fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìmira. Nígbà tíṣẹ́ bá sì parí, ó gbọ́dọ̀ ṣeé tú kí wọ́n lè fọ̀ ọ́.

Kó yí, kó dúró, kó ṣeé tú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú irin bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń kó o wọlé tà fáwọn ilé ìwòsàn, gbọ́dọ̀ mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, nítorí èyí tó bá ṣe ọ̀kan láǹfààní sábà máa ń pa èkejì lára.

Oríkèé tí gbogbo èèyàn gbé wá sáyé, ìyẹn ti ìgbáròkó, ló máa jẹ́ kọ́rọ̀ náà yéni. Nígbà tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, John Charnley, ń wá bó ṣe máa fi àtọwọ́dá rọ́pò ìgbáròkó tó ti bà jẹ́, ohun tó ń wá ni pé kó máa yọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nílé ìwòsàn Wrightington ló ti ṣiṣẹ́ yìí. Ó mú orí bọ́ọ̀lù náà kéré sí mílímítà 22, bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe é nígbà náà ń lo èyí tó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìdí ni pé bí bọ́ọ̀lù bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí wọ́n nílò láti yí i ṣe máa kéré tó. Ike tí wọ́n ń pè ní Teflon ló kọ́kọ́ fi ṣe ihò rẹ̀, ó sì tètè jẹ dànù lára àwọn aláìsàn, kó tó di pé ó bọ́ sórí polyethylene lọ́dún 1962. Ẹni tó ń ṣe apá irin tó máa dúró lójú kan ní láti yí ìmọ̀ Charnley yìí po. Bọ́ọ̀lù ńlá ni tiẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó yọ̀.

Kí ló dé tí dídúró yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo iṣẹ́ abẹ inú orí. Láyé àtijọ́, olùrànlọ́wọ́ dókítà ló máa ń fọwọ́ di irin tó fi ya ọpọlọ díẹ̀ mú, kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí ibi tó ń ṣiṣẹ́ sí. Ọwọ́ èèyàn á rẹ̀, á sì máa gbọ̀n. Nígbà tí Gazi Yasargil, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tó ṣiṣẹ́ ní Zurich lórílẹ̀-èdè Switzerland, bẹ̀rẹ̀ sí í lo awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá láti fi ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́wọ́ ìparí àwọn ọdún 1960, gbígbọ̀n ọwọ́ yẹn ti di ìṣòro ńlá, nítorí awò náà ń sọ ìmira tí kò tó nǹkan di rẹpẹtẹ lójú. Apá irin tó gbé jáde ni wọ́n ń pè ní Leyla, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi sọ ọ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ni apá náà rí: àwọn irin oníbọ́ọ̀lù oníhò tó tò tẹ̀ léra, tí waya kan gba àárín wọn kọjá. Tí waya náà bá dẹ̀, apá náà á máa ká bí ejò síbi tí dókítà bá fẹ́. Tí wọ́n bá yí ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀, waya á fà, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ á di mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, apá á sì le gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò díẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ oníṣẹ́ irin ti máa ń fojú díwọ̀n. Ká ní bọ́ọ̀lù kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ìyẹn ni pé láti àárín rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Ká ní agbára tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ tó ti ẹrù kílò 100. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í gbọ́kàn lé ju bí ìdá 15 nínú 100 agbára yẹn lọ láti fi di bọ́ọ̀lù mú, torí ó mọ̀ pé omi àti ẹ̀jẹ̀ lè wọ ibẹ̀ kó sì máa yọ̀. Ìyẹn fún un ní kílò 15, àmọ́ níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré jìnnà sí àárín ni. Bí apá irin náà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìdajì kílò péré ni ṣóńṣó rẹ̀ lè gbé kí oríkèé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Agbára ẹrù kílò 100 nídìí, ìdajì kílò lórí! Bó bá lo bọ́ọ̀lù sẹ̀ǹtímítà 4, á di kílò kan. Bó bá gé apá náà sí méjì, kílò kan náà ló máa jẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ kí bọ́ọ̀lù tó wà nídìí apá tóbi ju ti ṣóńṣó rẹ̀ lọ, torí ìdí ló ń ru gbogbo gígùn yẹn. Àwọn fọtógíráfà mọ èyí dáadáa: gbé kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ gùn lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta olówó pọ́ọ́kú, ẹ ó rí i bó ṣe ń tẹrí ba díẹ̀díẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí kò ní kí bọ́ọ̀lù tóbi. Wọ́n lè gbẹ́ ihò rẹ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, dípò kó rí bí abọ́. Bí wọ́n bá ti bọ́ọ̀lù sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ihò náà á fún un bí igbà tí èèyàn kan nǹkan sínú igi. Tí ògiri ihò náà bá fi ìwọ̀n 30 dẹ̀gbẹ́ kúrò lára ìlà àárín, agbára tí wọ́n fi tì í á di ìlọ́po méjì lára bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ kó fún jù bẹ́ẹ̀ lọ kó rọra o. Bó bá sún mọ́ ìwọ̀n bíi 8, bọ́ọ̀lù á há síbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ tú òrùka rẹ̀ sílẹ̀, kò ní jáde àfi tí wọ́n bá fi òòlù lù ú. Ta ló fẹ́ gbé òòlù wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ nítorí ìyẹn?

Àwọn míì máa ń há ara bọ́ọ̀lù kó lè dimú dáadáa, tàbí kí wọ́n gbẹ́ eyín sí i. Eyín dára níbi tẹ́rù bá ti wúwo, àmọ́ irin náà kò ní lè dúró síbi tó wu dókítà, àfi ibi tí eyín bá bọ́ sí. Híhá ara ní tiẹ̀ ń sọ gbogbo ihò wẹ́wẹ́ di ilé fún ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló sì mú ọ̀rọ̀ dé orí fífọ̀.

Ohun tí wọn kò bá fọ̀ mọ́, ooru nìkan kò lè tún un ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gbẹ sínú oríkèé á bo kòkòrò mọ́lẹ̀, ooru omi gbígbóná kò sì ní débẹ̀ bó ṣe yẹ, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e wọ ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 134 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ lọ́jọ́ kejì ló máa jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni oríkèé tó dáa fi gbọ́dọ̀ ṣeé tú débi tí búrọ́ọ̀ṣì á fi kan gbogbo ara rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù láti tú ni èyí tó ní òrùka onínọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Òmíràn wà tí ihò rẹ̀ ní ojú kan tó là, tí ọrùn bọ́ọ̀lù kò lè gbà jáde àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ apá ibì kan pàtó. Òmíràn tún dà bí ẹnu rọ́bà táwọn vọ́káníṣà fi ń fẹ́ táyà: wọ́n á fa òrùka rẹ̀ sẹ́yìn, á sì já. Ti vọ́káníṣà yìí yá lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ sípíríńgì àti bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ṣòroó fọ̀, kò sì yẹ kí oníbàárà tètè gbà á nítorí pé ó dùn ún wò.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá takókó ni pé ohun tó bá rọrùn láti tú lè tú nígbà tí kò yẹ. Nọ́ọ̀sì tó wọ ìbọ̀wọ́ tó ti rin fẹ́ dẹ oríkèé díẹ̀ láti yí i, ló bá yí i kọjá, òrùka já bọ́, ó sì lè bọ́ sínú aláìsàn. Ọ̀nà tó dáa ni pé kí yíyí tí wọ́n fi ń dẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí ti títú. Kí òrùka náà yí dé ibì kan, kó sì kọ̀, àfi tí wọ́n bá tẹ nǹkan kan tàbí fà á, èyí tí wọn kò ní ṣe àfi nídìí omi ìfọṣọ. Kí apá irin pín sí ẹyọ díẹ̀ tó ṣeé kà, kì í ṣe ogún.

Irin fúnra rẹ̀ ní ìjà tiẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà, bí wọ́n bá fi irú kan náà lọ ara wọn lábẹ́ agbára, máa ń jẹ ara wọn, á sì há pátápátá. Wọ́n á wá ṣe ọ̀kan le ju èkejì lọ, tàbí kí wọ́n fi ike sáàárín. Polyethylene ti Charnley kò sì wúlò níbí, torí ooru 134 yẹn á sọ ọ́ di rọ́bọ́rọ́bọ́. PEEK lè fara da á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n.

Àwọn wo ló ń ṣe wọ́n? Ìlú kékeré kan wà ní gúúsù Jámánì, Tuttlingen lorúkọ rẹ̀, níbi tí Gottfried Jetter ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1867, tó padà di Aesculap, tó ń ṣe àwọn irin tó ń jẹ́ orúkọ Yasargil títí dòní. Àmọ́ káàkiri ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ làwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké pọ̀ sí. Ní Sialkot, lórílẹ̀-èdè Pakistan, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń tún irin tó kán ṣe fún ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan á rọ irin, ẹlòmíì á fi fáìlì há a, ẹlòmíì á dán an. Lónìí wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun, títí kan Jámánì. Àwọn oníṣòwò ìlú yìí náà ló dáwó jọ kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007.

Oníṣẹ́ irin tó bá ń ronú pé òun náà lè ṣe oríkèé yìí kò jẹ̀bi, àmọ́ kó má ṣe ti ibi aláìsàn bẹ̀rẹ̀. Apá iná, ohun èlò fọtógíráfà àti irin táwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń di awò mú ń lo oríkèé kan náà, ẹni tó bá sì yọ̀ níbẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ti ilé ìwòsàn ní ìwé ẹ̀rí ISO 13485 nídìí, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ máa ta irin iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé àjọ NAFDAC fọwọ́ sí i. Èyí tó bá kán, kẹ́ ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ojú ibi tí wọ́n bá jó pọ̀ á ní ihò wẹ́wẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé.

Ẹni tó ń kó o wọlé ní tiẹ̀ lè dán an wò kó tó sanwó. Kó na apá irin náà gbọọrọ, kó dè é, kó so omi oníke ìdajì lítà mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kó sì fi síbẹ̀ fún wákàtí kan, kó wọn ibi tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Kó fi omi ọṣẹ kùn ún, kó tún un dán wò. Lẹ́yìn náà, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó tú u, kó tò ó padà, kó sì ka iye ẹyọ tó wà nílẹ̀. Kó béèrè ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó ṣe é ló gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀. Kó sì béèrè iye tí òrùka kan ṣoṣo jẹ́. Bí olùtajà bá ní wọn kì í ta òrùka lọ́tọ̀, àfi gbogbo apá, a jẹ́ pé ọjọ́ tí òrùka kan bá sọnù sínú ilé ìwòsàn, owó apá tuntun ni oníbàárà rẹ̀ máa san.