Ìtọ̀ Ológbò Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń sin ológbò, ọmọ ìyá ẹkùn, ayọ́kẹ́lẹ́ rìn tí í bo ohun ìdọ̀tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa kíyè sí iyanrìn tí ó ń tọ̀ sí lójoojúmọ́, nítorí ẹran náà kì í tètè fi àìsàn hàn. Bí ẹ bá rí akọ ológbò tí ó ń lóṣòó léraléra, tí ó ń fi ipá tọ̀, tí ó ń ké, tí ó sì ń lá abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má ṣe rò pé ìgbẹ́ ni ó há a. Ojú ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí, májèlé tí ìbá bá ìtọ̀ jáde a sì máa kún inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó lè pa á láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Òru ìbáà jẹ́, ẹ gbé e tọ dókítà ẹran lọ. Ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora nílé: parasítámọ́ọ̀lù (mo mọ̀ pé ọwọ́ yín yá sí i) májèlé gbáà ni fún ológbò.

Èyí tí ó ń mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀, kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ ni kí ẹ fura sí. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá sì fi iyanrìn sílẹ̀ tí ó ń tọ̀ sórí ẹní, ẹ má gbé pàṣán, bóyá àpò ìtọ̀ ni ó ń dùn ún.