Àpótí Ìmọ̀: Ta ló kàn nínú ìyípo libuv?

Ẹni tó ń ta dòdò Ìkirè lójú títì kì í dúró ti oníbàárà kan títí onítọ̀hún yóò fi tú àpò rẹ̀ wá owó. Á ti máa dá ẹlòmíì lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni libuv, àkójọ kóòdù èdè C tó wà nídìí Node.js, ṣe ń yípo láàárín àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ìpele poll ni ọkàn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń sùn de ìròyìn. Lórí Linux, epoll, irinṣẹ́ kernel tó ń ṣọ́ ìròyìn, ló ń jí i. Iṣẹ́ tí o bá fi uv_prepare_start sílẹ̀ á wáyé kété kó tó sùn, ti uv_check_start á sì wáyé kété tó bá jí. Àyè iyebíye nìyí fún ẹni tó fẹ́ so ìyípo mìíràn mọ́ ọn.

Ṣọ́ra fún uv_idle, iṣẹ́ tó ń wáyé ní gbogbo ìyípo o! Bí ẹyọ kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́, poll kò ní sùn rárá. Kọ̀ǹpútà á máa sáré lásán, bátìrì á sì tán. Bí o bá sì fi uv_close pa handle kan (ohun tí libuv ń bá ọ ṣọ́, bíi uv_idle), má tú mẹ́mórì rẹ̀ sílẹ̀ títí callback rẹ̀ (iṣẹ́ tí libuv ń pè padà) yóò fi dé.