Ta Ni Yóò San Án? Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́, Ajá àti Omi Tó Wọlé

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn Press Club, SS2

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá sára ògiri lọ́sẹ̀ yìí. Ká ní o bá ọ̀rẹ́ rẹ tọ́jú ajá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí wọn ò sí nílé, o wá ṣe àṣìṣe kan, nǹkan sì bàjẹ́ nínú ilé wọn. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ṣé ìwọ ni, àbí ọ̀rẹ́ rẹ, àbí àwọn òbí yín?

Mo bi àwọn kan ní kíláàsì wa, ẹnu wọn ò kò. Àwọn kan ní, "Oore ló ṣe, kò yẹ kó san kọ́bọ̀." Àwọn yòókù ní, "Ẹni tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe, ó parí." Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì ti yá jù. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò díẹ̀díẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ilé tí à ń gbé ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kì í sì í ṣe ọmọ ilé ìwé wa. Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ tó ni ajá ní Lágbájá, ká pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Tàmẹ̀dò.

Òkè ni àwọn Lágbájá ń gbé, àwa wà nísàlẹ̀ wọn. Wọ́n lọ sí ìlú wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Tàmẹ̀dò pé kó máa fún Bíńgò, ajá wọn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ní oúnjẹ àti omi láàárọ̀ àti lálẹ́. Inú kíṣìnì wọn ni oúnjẹ ajá wà. Wọn ò bá a sọ̀rọ̀ owó, òun náà ò sì bèèrè, torí ọ̀rẹ́ ni òun àti Lágbájá láti JSS1.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, iná ti lọ fún ọjọ́ méjì, kò sí omi nínú táǹkì. Tàmẹ̀dò ṣí ẹ̀rọ omi inú kíṣìnì, kò rí omi. Ó lọ fa omi kànga fún ajá, ó tilẹ̀kùn, ó gba ilé lọ. Kò rántí ti ẹ̀rọ náà padà. Ní òru ọjọ́ yẹn, iná dé. Onílé fa omi sínú táǹkì, ẹ̀rọ tó wà ní ṣíṣí bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Síǹkì tó yẹ kó gbé omi náà lọ ti dí láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ló bá kún, ó dà sílẹ̀, ó wọ pálọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti ń kán láti sílìn wa sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.

Nígbà tí wọ́n dé, bàbá Lágbájá jókòó, ó ṣírò. Rọ́ọ̀gì tuntun ₦90,000. Fóòmù tuntun ₦55,000, torí ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ fóòmù àwọn ọmọ sí. Extension tó jó ₦8,000. Sílìn tiwa ₦24,000, owó káfíńtà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦177,000. Ó ní kí Tàmẹ̀dò lọ mú un wá.

Ẹ̀kọ ni ìyá Tàmẹ̀dò ń tà. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn ni èyí tó ń kó jọ fún fọ́ọ̀mù WAEC ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ò kí ara wọn mọ́.

ṢÉ Ọ̀FẸ́ LÈ PA Ẹ̀BI RẸ́?

Àwọn baba wa mọ̀ pé títọ́jú ẹran ẹlẹ́ran kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gbé ewúrẹ́ fún èèyàn pé kó bá wọn sìn ín, tí ewúrẹ́ náà bá bímọ, olówó ẹran àti ẹni tó sìn ín yóò pín ọmọ. Ẹni tó ń sìn ín ní èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Ti Tàmẹ̀dò kò rí bẹ́ẹ̀. Oore lásán ló ṣe.

Ṣùgbọ́n ṣé oore túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀bi? Púpọ̀ nínú òfin tí kóòtù wa ń lò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, láti England ló ti wá, ìbéèrè yìí sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ní 1703, wọ́n dá ẹjọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Coggs v Bernard. Bernard gbà láti bá Coggs kó àgbá ọtí brandy láti yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Kò gba owó. Ó gbé àgbá kan kalẹ̀ láìṣọ́ra, àgbá fọ́, ọtí dànù. Adájọ́ àgbà Holt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bernard jẹ̀bi. Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó fi dandan mú un gba iṣẹ́ náà, àmọ́ bó ti gbà á tó sì ti fọwọ́ kàn án, ó yẹ kó ṣọ́ra.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí a bẹ̀ lè sọ pé òun ò ní lè ṣe é. Bó bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

OHUN MẸ́TA TÍ ÒFIN Ń WÒ

Olùkọ́ wa ní Government ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ló jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Kí wọ́n tó lè ní ẹnì kan jẹ̀bi àìṣọ́ra, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé:

1. Ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti ṣọ́ra. Tàmẹ̀dò gba kọ́kọ́rọ́, nítorí náà ó ní ojúṣe.

2. Kò ṣọ́ra tó bí ẹni tó lóye ṣe máa ṣọ́ra. Ìlú tí omi ẹ̀rọ ti ń wá tó ń lọ là ń gbé. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò tíì pariwo mọ́ pé, "Ti ẹ̀rọ yẹn o, omi lè dé nígbàkigbà"?

3. Àìṣọ́ra náà ló fa ìbàjẹ́, ìbàjẹ́ náà sì jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè rò tẹ́lẹ̀.

Lórí ìkejì, òfin máa ń wo ọjọ́ orí ọmọ. Ẹjọ́ kan wà ní England, Mullin v Richards, tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ní ìparí àwọn ọdún 1990. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 15 ń fi rúlà oníke ṣeré idà ní kíláàsì. Rúlà kan kán, èérún rẹ̀ sì wọ ojú ọ̀kan nínú wọn. Ilé ẹjọ́ ní èkejì kò jẹ̀bi, torí ọmọ ọdún 15 kò lè tètè ronú pé irú eré bẹ́ẹ̀ máa ṣe èèyàn léṣe tó bẹ́ẹ̀. Kóòtù wa kò pọn dandan kó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọmọdé: ọmọdé bíi tirẹ̀ tó ń ṣọ́ra ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àgbàlagbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi, ọmọ ọdún mẹ́wàá pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún fi ọkàn sí èyí. Ká ní Bíńgò fúnra rẹ̀ ló wọlé tó fi eyín ya àga, tí Tàmẹ̀dò sì ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, mi ò ní sọ pé kó san nǹkan kan. Àjẹ́kù ajá ẹni, ẹni tó lájá ló ń fara mọ́ ọn. Ìgbà tí àṣìṣe bá ti ọwọ́ olùtọ́jú wá ni ìbéèrè ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀BI OLÓWÓ ILÉ ŃKỌ́?

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìkà ni ká dúró sórí ẹ̀rọ omi, ká má dé ibi síǹkì.

Àwọn Lágbájá mọ̀ pé síǹkì wọn dí. Abọ́ ńlá ni wọ́n ń gbé sínú rẹ̀, wọ́n á máa da omi ìdọ̀tí sí ìta. Wọn ò sọ fún Tàmẹ̀dò. Bí síǹkì bá ń gbé omi lọ bó ṣe yẹ, omi tí ì bá dà ì bá wọ kòtò lọ, ì bá má wọ pálọ̀. Òfin Èkó, bí àpẹẹrẹ, gba adájọ́ láyè láti pín ẹ̀bi bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ bá lọ́wọ́ nínú ohun tó bà á jẹ́. Ìyẹn ni pé owó tí wọn ó san fún un yóò dín kù.

Àwa tí a wà nísàlẹ̀ kò ṣí ẹ̀rọ, a ò di síǹkì. Tiwa kò ní ìjà nínú: àwọn méjèèjì tó lọ́wọ́ sí i ló jẹ wá ní sílìn.

ÈLÓ GAN-AN?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í ṣe. Ẹni tó ba ohun àlòkù jẹ́ kò jẹ gbèsè tuntun. Ọdún mẹ́fà ni rọ́ọ̀gì yẹn ti wà nílẹ̀. Iye tó tó kí omi tó bà á jẹ́ ló yẹ kí wọ́n wò, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta tuntun lọ́jà lónìí. Bákan náà, ohun tó bá ṣe é tún ṣe, owó àtúnṣe ni wọ́n ń san. Wọ́n sá fóòmù sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó gbẹ, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn títí di òní. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi san ₦55,000 lórí rẹ̀?

ÀWỌN ÒBÍ ŃKỌ́?

Nínú òfin tí a gbà láti England, wọ́n lè pe ọmọdé fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí àìṣọ́ra, òbí kì í sì í jẹ gbèsè kìkì nítorí pé òun ló bí i. Àfi bí òbí náà bá ní àìṣọ́ra tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé? Nílé Yorùbá, òbí ló ń sáré síwájú, torí orúkọ ilé. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ọmọ náà ní ìpín tirẹ̀ nínú sísan án, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun.

BÍ WỌ́N ṢE PARÍ RẸ̀

Bàbá kan tó ti pẹ́ jù nínú àwa ayálégbé ló pe gbogbo wa jọ. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó gbọ́ ti Lágbájá, ó gbọ́ ti Tàmẹ̀dò, ó lọ fojú ara rẹ̀ wo síǹkì. Wọ́n fi rọ́ọ̀gì sí ₦20,000, wọ́n yọ fóòmù kúrò, wọ́n fi extension ₦8,000 àti sílìn wa ₦24,000 kún un. Gbogbo rẹ̀ di ₦52,000. Wọ́n pín in sí méjì, ìdílé kọ̀ọ̀kan ₦26,000, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún sílìn wa ṣe.

Bàbá Lágbájá kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ta ló ń jókòó sọ ọ̀rọ̀ síǹkì fún ọmọ tó ń bá òun bọ́ ajá. Ìyá Lágbájá ló dá a lóhùn pé, "Bàbá Lágbájá, ẹni tó ń wọ kíṣìnì wa ni. Ó yẹ ká sọ fún un." Ó dákẹ́, ó sì gbà. Ìyá Tàmẹ̀dò kó ₦10,000 sílẹ̀ nínú owó àjọ rẹ̀. Tàmẹ̀dò ń lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ń san ₦4,000 lóṣù fún oṣù mẹ́rin. Wọn ò fọwọ́ kan owó WAEC. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti ń kí ara wọn báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì máa rìn pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá wà ní Èkó tí ẹ ò sì ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé yín, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ ní 1999. Wọ́n máa ń bá èèyàn parí aáwọ̀ níbẹ̀ láìgba owó.

KÍ KỌ́KỌ́RỌ́ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́

Ìwọ tó ń rìnrìn àjò:
- Fi ilé han olùtọ́jú. Sọ ohun tó dí, ohun tó jò, ohun tó máa ń gbé iná.
- Ti omi tó ń wọ ilé láti ìta bó bá ṣe é ṣe, kí o pọn omi ajá sínú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.
- Bó bá ṣe é ṣe, gbé oúnjẹ ajá síta, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ìdí láti wọ inú ilé.
- Fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀.

Ìwọ tó ń tọ́jú ajá:
- Má gba kọ́kọ́rọ́ bí o bá mọ̀ pé o ò ní ráyè.
- Ohun tí wọ́n ní kí o ṣe ni kí o ṣe.
- Kí o tó tilẹ̀kùn, yíjú padà wo ẹ̀rọ omi, iná àti gáàsì.
- Bí nǹkan bá bàjẹ́, pe olówó ilé lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró kí wọ́n dé.

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó pínyà: "Bí nǹkan bá bàjẹ́, báwo la ó ṣe ṣe é?" Ó lè dà bíi pé ẹ ò fọkàn tán ara yín. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó rọrùn láti sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ.

Ìdajì-ìdajì ni bàbá ilé wa dá a. Ṣé ẹ gbà pé ó tọ́, àbí ẹ ì bá pín in lọ́nà mìíràn? Ẹ kọ èrò yín sínú ìwé, kí ẹ jù ú sínú àpótí Press Club kó tó di ọjọ́ Ẹtì. A ó lẹ èyí tó bá ní àlàyé jù lọ mọ́ ibí yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.