Owó Ọjà Èṣí Kọ́ La Fi Ń Gbin Oko Ọdún Yìí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin tí ẹ jogún oko àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ ní Ìmọ́ta tàbí Aràgá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí kí ẹ tó ra irúgbìn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń jẹ gbèsè kì í ṣe ọ̀lẹ, ilẹ̀ wọn náà kò sì ṣá. Kí wọ́n tó kọ ebè àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ṣìnà.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹ̀gẹ́ á wọ́n lọ́dún kan, ẹni tó ní in lóko á rówó gidi. Kíá, gbogbo àdúgbò á gé igi ẹ̀gẹ́, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ tí à ń já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó ń lo oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí tiyín bá fi máa tó wú, ti gbogbo èèyàn ti tó wú. Ẹ̀gẹ́ tí a sì ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nítorí náà iye tí alágbàtà bá dá lé e lẹ máa gbà. Bí a bá wo dídùn ìfọ̀n, a ó họra déegun.

Ọ̀wọ́n kì í ṣàdédé dé. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì, tòmátì sì gbówó lórí dé Èkó. Kòkòrò ló gbé iye yẹn sókè. Bí oko àwọn ará Òkè Ọya bá ti padà bọ̀ sípò, iye á wálẹ̀. Ẹni tó bá torí ọ̀wọ́n náà gbin tòmátì láìbéèrè ohun tó fà á, ọjà tó ti lọ ló ń lé.

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí.

Ta ni yóò rà á? Ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́ta tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ìrẹsì tí à ń gbìn l'Ékòó nìkan kò lè bọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ìrẹsì lòun máa gbìn nígbà yẹn. Ó lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ béèrè: irú ìrẹsì wo ni wọ́n ń gbà, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ gbẹ tó, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń sanwó? Pé ilé iṣẹ́ wà nítòsí oko kò sọ pé a ti bá wọn ṣàdéhùn.

Ìgbà wo ni yóò tó kórè? Láti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ tà ni kí ẹ ti máa ka ọjọ́ bọ̀ sẹ́yìn. Òjò wa pín sí méjì: àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, ó sì máa ń sinmi láàárín wọn ní oṣù kẹjọ. Àgbàdo tó bá pẹ́ wọlẹ̀, tó wá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò dá, kò ní gbọmọ dáadáa. Àjọ NiMet máa ń kéde bí òjò ọdún yóò ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún; ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lákùrọ̀ odò Ògùn, ẹ rántí omi tó máa ń kún nígbà àrọ̀kúrò, pàápàá bí wọ́n bá ṣí ìdídò Ọ̀yán.

Èló ni yóò ná mi? Ká sọ pé ẹ ná ₦1,200,000 sórí hẹ́kítà ẹ̀gẹ́ kan, ẹ sì wú tọ́ọ̀nù 12. Tọ́ọ̀nù kan ti jẹ yín ní ₦100,000. Bí ọjà bá ń san ₦80,000, ₦240,000 ti wọlẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀gẹ́ náà ta tó. Ẹ ka owó lébìrà, ọkọ̀ àti àpò mọ́ ọn, kí ẹ má sì gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ara yín.

Ọdún mélòó ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi? Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ń gbówó lórí lójoojúmọ́, onílẹ̀ sì lè fẹ́ tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Ẹ má gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ tí ẹ gbà fún ọdún méjì. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹbí onílẹ̀ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí.

Bí ìdáhùn kan bá ṣì kù, ẹ má gbin gbogbo ilẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ dán an wò, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ tó ń yára mówó wọlé kún un, kí ilé lè jẹun títí ẹ̀gẹ́ yóò fi tó wú.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ohun tó wà lóko yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà ti kún díẹ̀ kí àkọ́rọ̀ tó dé.