Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ta Ni Yóò Lọ Mú Un Wá?

Bíbélì Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 9:1-13

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i pé Mefibóṣẹ́tì kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ààfin. Arọ ni lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ilé ẹlòmíràn ni ó sì ń gbé ní Lodébárì. Dáfídì ni ó béèrè, Síbà ni ó mọ ibi tí ó wà, ọba sì ránṣẹ́ lọ mú un wá. Ilẹ̀ tí a dá padà fún un, ti ìdílé rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀.

Irú Mefibóṣẹ́tì bẹ́ẹ̀ ń jáde láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà. Òmíràn lè jẹ́ adití kí a tó mú un. Òmíràn, inú ẹ̀wọ̀n ni àìsàn ti sọ ọ́ di arọ. Òun pẹ̀lú ní ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí kò gbà kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú aláàbọ̀ ara. Òfin náà ní kí a kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí àwọn ènìyàn bá tò sí. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà láti 2011, ọ́fíìsì tí a ń pè ní LASODA sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ta ni yóò sọ èyí fún un?

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa gbé ọṣẹ àti búrẹ́dì lọ sí ẹ̀wọ̀n, a ó gbàdúrà, a ó sì padà sílé. Ó dára, kò tó. Kí ọjọ́ ìdásílẹ̀ tó pé, ẹ bi òṣìṣẹ́ tí ń rí sí ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n léèrè ọjọ́ náà, kí ẹ sì bá a sọ ọ́ kí ẹni náà lè gba ìwé ìtọ́jú rẹ̀ ní kílíníìkì wọn. Láti orí ìwé yìí ni dókítà ilé ìwòsàn ìjọba yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, nítorí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni yóò béèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan dúró dè é lẹ́nu géètì, kí ó sì bá a dé ọ́fíìsì amáyédẹrùn ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ adití, ẹ wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ọwọ́.

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àgbàlagbà ni. Akọ̀wé tí ń kọ orúkọ kò nílò láti mọ ohun tí ó gbé e dé ẹ̀wọ̀n, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́.

(Òfin 2019 náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ arọ. Ọdún náà pé ní 2024. Ẹ wo àtẹ̀gùn ilé ìsìn yín.)

Fún ìjíròrò: Ta ni Síbà nínú ìjọ yín, tí ó mọ ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà? Àwọn méjì wo ni kíláàsì yìí yóò rán lọ kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé?