Ọ̀bẹ Kì Í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí kò bú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ mìíràn ló yẹ kó bá a gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ rí. Ẹni tó kọjú sí pátákó kò lè rí ọmọ tó ń fẹnu lásán tẹ̀lé ìwé kíkà lẹ́yìn kíláàsì. Síbẹ̀, inú gbọ̀ngàn la máa ń kó olùkọ́ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì, wọn a gba ìwé-ẹ̀rí, wọn a sì padà sí bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ní ẹkùn North West ní Gúúsù Áfíríkà, láti 2015, wọ́n dán ọ̀nà méjì wò lórí kíkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà lédè Setswana tí í ṣe èdè abínibí wọn. Ilé ẹ̀kọ́ 50 gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngàn. 50 mìíràn ní olùtọ́sọ́nà tó ń wá bá olùkọ́ nínú kíláàsì. Ìwé àti ètò ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n lò. Lẹ́yìn ọdún méjì, èrè ọ̀nà kejì tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Kí ló fà á, bí kò ṣe ojú tó wà nínú kíláàsì?

Àwọn kan á ní owó olùtọ́sọ́nà pọ̀, kí a fi ẹ̀rọ ṣe é láti òkèèrè. Wọ́n dán ìyẹn náà wò ní ẹkùn Mpumalanga, ní Gúúsù Áfíríkà kan náà; ẹni tó ń wá fúnra rẹ̀ ló ṣe é dáadáa jù. Òótọ́ ni pé èrè a máa dín kù bí ètò bá ti fẹ̀ jù, nítorí olùtọ́sọ́nà tó mọṣẹ́ kò pọ̀. Nítorí náà, ká bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ìbẹ̀rù. Olùkọ́ tó ti lo 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ á bi ara rẹ̀ pé ta ló rán ọmọ àná yìí sí òun. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, torí alábẹ̀wò ló mọ̀, ẹni tó ń kọ àṣìṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọlé, àṣehàn ni yóò rí. Nítorí náà, olùtọ́sọ́nà kò gbọdọ̀ kọ ìròyìn kankan nípa ìgbéga tàbí ìjìyà. Kí òun náà kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀kì, kó kọ́ àwọn ọmọ lójú olùkọ́, kí olùkọ́ sì tọ́ka sí ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Kí wọ́n wá mú ohun kan ṣoṣo tí wọn yóò tún ṣe, kí olùtọ́sọ́nà sì padà wá wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún olùkọ́ àti olùtọ́sọ́nà rẹ̀ láti jókòó sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ.